Nígbà Tí Òógùn Gbẹ Lára Mi ní Niamey

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Niamey, olú ìlú Niger, ni pé mi ò làágùn. Oòrùn ibẹ̀ le débi pé ọwọ́ ò ṣeé gbé lé irin, ilẹ̀ ń jó ni lẹ́sẹ̀ láti inú sálúbàtà, síbẹ̀ awọ ara mi gbẹ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Nílé wa ní Ìlaròó, kí n tó ru omi láti ìdí ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀wù mi á ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo wo ara mi yíká ní Niamey, mo ní, àṣé irọ́ làwọn èèyàn ń pa. Ooru tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà mí yìí ò tó nǹkan.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo sì gọ̀ díẹ̀. Nǹkan ti le nílé, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ ń wá ibi tí yóò rìn sí. Mo fi Kúdí, ìyàwó mi, sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà, mo ní ọdún kan péré ni n óò lò. Gbogbo ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ráímì ló gbà mí sílé. Ọmọ Ajílété ni, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Niamey, búlọ́ọ̀kù ló ń mọ. Ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ìlú ni a ti ń ṣiṣẹ́, kò sí igi níbẹ̀ àfi ẹyọ kan tí kò léwé lórí. A ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì, a ń kì í sínú àpótí irin, a ń dà á sílẹ̀ ní ìlà-ìlà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Kẹ́ẹ̀gì omi pupa kan kì í jìnnà sí Ẹ̀gbọ́n Ráímì. Bó bá mọ búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá, á mumi, ì báà rẹ̀ ẹ́, ì báà má rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ń mumi bí ẹṣin o," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Àbúrò, ìwọ náà mumi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Mi ò bi ọ́ bóyá òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Mo ní kó o mumi."

Mo fẹnu kan án lásán nítorí àgbà ló sọ ọ́, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà padà. Kì í ṣe pé mo kórìíra omi. Ta ní ń bá omi ṣọ̀tá? Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ mi ni. Lóko bàbá mi, lọ́nà Ajílété, ẹni tí kò bá tíì kọ igba ebè kì í fẹnu kan kèrègbè. Bàbá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, gbà pé omi tí èèyàn bá mu lẹ́nu iṣẹ́ á wúwo sí i nínú, á sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Bí a bá kọ ebè tán, tí òógùn ń ro lára wa tótó, á fojú wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí òógùn rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ṣiṣẹ́ jù. Nílé wa, òógùn ni ẹ̀rí, omi sì ni èrè, èrè kì í ṣáájú iṣẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí i pé mi ò làágùn ní Niamey, ìtumọ̀ tí mo fún un ni pé mi ò tíì ṣiṣẹ́ tó. Mo tún tẹra mọ́ iṣẹ́ sí i. Bí ọjọ́ bá rọ̀, n óò rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì mi ti funfun láwọn ibì kan, lẹ́yìn àti lábẹ́ abíyá. Eruku sìmẹ́ǹtì ni mo pè é, mo máa ń gbọ̀n ọ́n nù.

Lóṣù kejì tí mo débẹ̀, mo gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo fi rán oníṣòwò kan tó ń lọ sílé. Mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá fọ́nnu. Mo ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù nítorí mi. Oòrùn ibí yìí ò mọ̀ mí. Gbogbo èèyàn ń pariwo ooru, èmi ò tilẹ̀ làágùn." Nígbà tí èsì dé, ohùn màmá mi ló ṣáájú nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti pe àwọn ará ilé wá gbọ́ ọ, àti Ìyá Onírẹsì tó wà lójúde. Ó ní ọmọ bàbá mi ni mí lóòótọ́. Mo gbọ́ apá ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣubú.

Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo sì ń ka búlọ́ọ̀kù ní àkàtúnkà, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé. Lẹ́yìn náà ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí mú mi. Nínú oòrùn yẹn, òtútù! Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Ráímì pé kó fún mi ní kúbùsù. Ó yíjú, ó wò mí, ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Wọ́n ní mo bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá mi sọ̀rọ̀, pé igba ebè mi ti pé, kí ó wá kà á. Èmi ò rántí ìyẹn. Ohun tí mo rántí ni yanrìn tó gbóná lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

Dìsípẹ́ńsárì kékeré kan wà ní àdúgbò, obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Kétu ní Benin. Tàǹtí ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwọn tó ń sọ Faransé ti máa ń pe obìnrin àgbà. Nígbà tí ojú mi là, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára mi, ó ti fi aṣọ tútù bo àyà àti ọrùn mi, ẹnì kan sì ń fi páálí fẹ́ mi. Ó gbé ife sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dùùsúmáà!" ó gbá mi lọ́wọ́. "Díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lé ọ."

Omi náà ládùn, ó tún níyọ̀ díẹ̀. Mo mu ún tó ìlàjì ife. Kò tíì pẹ́ tí mo mu ún tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí yọ níwájú orí mi, lórí imú mi, ní àyà. Ó yọ wínníwínní, ó wá di kíkán. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Tàǹtí, kí ló ń ṣe mí?"

"Ara rẹ ló ń yá," ó ní.

Lẹ́yìn tí orí mi balẹ̀, ó jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé. Èdè Kétu rẹ̀ súnmọ́ tiwa débi pé bí mo bá dijú, mo lè rò pé Ayétòrò ni mo wà. Ó ní ibi kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀pà kan lọ, tó ń ṣọ́ nǹkan méjì pọ̀: bí ara ṣe gbóná tó, àti bí omi inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Bí ooru bá pọ̀, yóò pàṣẹ kí òógùn jáde, nítorí bí òógùn bá ṣe ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Ṣùgbọ́n inú omi ara náà ni òógùn ti ń wá. Bí èèyàn ò bá mumi, tí omi ń dínkù, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ki.

"Ìgbà yẹn ni ọpọlọ á wà láàárín méjì," ó ní. "Bí obìnrin tí omi ìkòkò kan ṣoṣo kù fún nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé kó fi wẹ̀ ni, àbí kó fi se oúnjẹ? Á gbàgbé ìwẹ̀. Ọpọlọ náà, á ní kí òógùn dínkù, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí omi lò. Òógùn á dínkù, ooru á sì máa ga nínú ara, títí ọpọlọ fúnra rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí jóná. Ìgbà yẹn lo rí bàbá rẹ."

"Ṣùgbọ́n Tàǹtí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mi ò ti làágùn."

Ó na ọwọ́ mú ṣẹ́ẹ̀tì mi nílẹ̀, ó fi ibi tó funfun hàn mí. "Kí lèyí?"

"Sìmẹ́ǹtì ni."

"Fi ahọ́n kàn án."

Mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń làágùn bí ẹran, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kàn ń lá a gbẹ kí n tó rí i ni. Mo bi í léèrè òógùn tó yọ lẹ́yìn tí mo mumi, nítorí omi náà ò tíì lè dé ibì kankan nínú mi. Tàǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní ọpọlọ kì í dúró dìgbà tí omi bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti gbọ́ pé omi ń gba ọ̀fun kọjá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì tú òógùn sílẹ̀. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, ó sì ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà náà. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì tèmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ráímì ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ẹṣin ti di méjì."

Mi ò sọ ọ́ nílé. Báwo ni n óò ti sọ ọ́? Màmá mi ti fi kásẹ́ẹ̀tì mi ṣe àfihàn fún gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá ti bi mí, mo máa ń ní nǹkan kan ò ṣe mí.

Ìyẹn jẹ́ apá kan nínú ìdánìkanwà tí mi ò mọ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo rò pé ẹni tó dá wà ni ẹni tí kò réèyàn bá sọ̀rọ̀. Mo réèyàn bá sọ̀rọ̀ ní Niamey. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó ń sọ Yorùbá, wọ́n sì ń bá wa ṣeré. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kí "Fofo" ní èdè Zarma, mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri sì ti mọ ojú mi, bí kò bá bá mi níbi iṣẹ́ á béèrè mi. Inú mi dùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ béèrè mi; ó ti tó kí ẹnì kan mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀. Ohun tó sọ mí di ẹni tó dá wà ni pé àwọn tó fẹ́ràn mi ń fẹ́ràn ẹnì kan tí kì í ṣubú, tí mo gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ fún ilé, ilé ń jìnnà sí i ju bí ọ̀nà ṣe jìn lọ.

Kúdí bímọ nígbà tí mo ti lo bí oṣù mẹ́ta ní Niamey. Obìnrin ni, a sọ ọ́ ní Mọ́ríámọ̀. Láti ìgbà náà la ti ń lo fóònù. Ní Sátidé méjì-méjì, èmi á lọ tò ní pọ́ọ̀sì ńlá, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, ní Niamey, Màmá àti Kúdí á lọ dúró sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ìlaròó, níbi tí akọ̀wé kan tó mọ bàbá mi ti ń jẹ́ kí wọ́n jókòó. Nígbà míì ìlà á wọlé, nígbà míì a ó kàn fi àárọ̀ ṣòfò. Gẹ́gẹ́ bí bàbá, fóònù nìkan ni mo fi mọ ọmọ mi. Mo mọ igbe rẹ̀, mo mọ ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ojú rẹ̀.

Ó pé oṣù mẹ́wàá lásìkò ooru kejì mi níbẹ̀. Sátidé kan, ìlà wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn Màmá nìkan ni mo sì gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kúdí dà?"

"Ó wà nílé. Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun?"

Màmá mi kì í béèrè nǹkan mẹ́ta pọ̀ bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́. Mo ní, "Màmá, kí ló ń ṣe Mọ́ríámọ̀?"

"Eyín ni. Eyín òkè ló ń hù, ìgbẹ́ eyín ló ń yà. Ọjọ́ kẹta rèé. Má da ara ẹ láàmú."

"Ṣé ó ń mumi?"

"Omi kẹ̀? Èyí tó ń ya jáde yẹn ò tíì tó? A ti dá omi dúró, kí inú ẹ̀ lè gbẹ. Ọmú náà, mo ní kí Kúdí dín in kù."

"Ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó gbóná janjan. A fi kúbùsù wé e, kó lè làágùn kí ibà náà jáde, àmọ́ òógùn ò yọ. Ara ẹ̀ kàn gbẹ ni. Kò tilẹ̀ sunkún mọ́, ó kàn ń sùn ṣáá."

Mo di etí tábìlì mú. Mo mọ ara yẹn. Mo ti wà nínú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lómi."

"Ọmọ mélòó ni mo tọ́?" Ohùn rẹ̀ ti le. "Mẹ́fà! Ìwọ gan-an, mo dá omi dúró fún ọ nígbà tí eyín ẹ ń hù. Ṣé o kú ni?"

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, mo sì mọ̀ pé bí mo bá bá a jiyàn, ìṣẹ́jú tí mo sanwó fún á tán sórí ẹni tó gbọ́n jù. Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi.

"Màmá, mo parọ́ fún yín. Mo ṣubú níbí lọ́dún tó kọjá. N ò mumi, n ò sì mọ̀ pé omi ti tán lára mi. Òógùn mi dáwọ́ dúró, ara mi gbóná bí ti Mọ́ríámọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, mo ń bá Bàbá sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ló kù, Màmá. Omi ni wọ́n fi gbà mí. Kì í ṣe ibà ló há sínú ọmọ yẹn. Omi ló tán lára ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ ò rí èyí tó máa fi làágùn."

Ariwo ìlà ń pọ̀ sí i. Mo bá ń sọ ọ́ wàrà-wàrà: kí wọ́n tú kúbùsù, kí wọ́n se omi kó tutù, ìgò mínírà mẹ́ta, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n fọwọ́ rẹ́ lórí, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí péré. Kí wọ́n tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí wọ́n dà á nù. Ṣíbí kan, kí wọ́n sinmi, ṣíbí kan. Kí Kúdí fún un lọ́mú nígbà gbogbo. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. "Kí ẹ sì padà wá sí ọ́fíìsì tẹlifóònù láàárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá. Ṣé ẹ gbọ́? Màmá?"

Ìlà ti já. Mi ò mọ ibi tó gbọ́ ọ dé. Mo padà sẹ́yìn àwọn tó ń dúró, mo tò títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn pọ́ọ̀sì, Ìlaròó ò wọlé mọ́.

Mo sunkún lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò fi bò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n Ráímì ò lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó tì mí lórí ẹní.

"Màmá ẹ á ṣe é," ó ní.

"Ẹ ò mọ màmá mi."

"Mo mọ ìyá," ó ní.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé bí mo bá ti sọ òótọ́ láti ọdún tó kọjá, tí mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín nínú kásẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe sọ irọ́, gbogbo ilé ni ì bá ti mọ̀ ọ́n kí ìgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí ìgbéraga mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí mi ò tíì rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wà lẹ́nu ọ̀nà pọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ṣí i. Ìlà ò wọlé. Oòrùn gòkè, àwọn tó wà níwájú mi pè, wọ́n lọ. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán, mi ò kúrò lójú kan, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kúrò, ìgbà yẹn ni ìlà á wọlé. Nígbà tí wọ́n pè mí, orúkọ mi ní ẹnu wọn kò jọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n mo sáré wọlé. Ohùn akọ̀wé Ìlaròó ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ìwọ nìyẹn? Màmá ẹ ti wà níbí látàárọ̀."

Màmá gba fóònù, kò kí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ẹ̀yìn mi ti tutù."

"Ẹ̀yìn yín?"

"Mo pọn ọmọ ẹ wá, ó tọ̀ sí mi lára. Ìgbà kejì látàárọ̀ nìyẹn. Dókítà ní ká máa dúpẹ́ bó bá ti ń tọ̀, mo sì ń dúpẹ́, àmọ́ ìró tó dáa ni mo ró wá."

Ó ń sọ tirẹ̀ lọ. Ó ní inú bí òun láti ọ́fíìsì tẹlifóònù dé ilé, ṣùgbọ́n bí òun ṣe wọlé, òun tú kúbùsù náà. Òun fúnra òun ló po omi, òun ló tọ́ ọ wò. Ṣíbí àkọ́kọ́, ọmọ náà pọ̀ ọ́. Ṣíbí kẹrin ló gbé mì. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, òógùn ti yọ ní imú rẹ̀. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ di àná. "Wọ́n ní ká ní a jẹ́ kó di ọjọ́ kejì..." Ó gbé fóònù sí ọmọ lẹ́nu, mo gbọ́ bó ṣe ń mí, ó sì ń fọwọ́ gbá nǹkan.

Lẹ́yìn náà ó gba fóònù padà.

"Ọdún kan gbáko lo fi parọ́ fún mi."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ mi kì í làágùn." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ náà, ṣé o ti mumi lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Rárá, Màmá. Mi ò tíì mu."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

"Fi fóònù yẹn sílẹ̀," ó ní, "kó o lọ mumi."

Ìṣẹ́jú mi ò tíì pé, ó sì ku nǹkan púpọ̀ tí mo fẹ́ béèrè. Òun ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀.